Ṣẹ́ńjì Ló Jẹ ẹ́

Ìgbà tí aránṣọ tó jókòó níwájú mi nínú mọ́tò Mọ́níyà na fóònù rẹ̀ sójú ìyá tó ń ta ánkárá ni mo mọ̀ pé ìjà ń bọ̀. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti dá mọ́tò wa dúró lẹ́ẹ̀kan, n kì í lanu nínú ọkọ̀ mọ́. Etí nìkan ni mo ń lò.

Aránṣọ ní, "Ìyá, ẹ wò ó. Àbúrò mi tó wà ní Lómé ló fi iye rẹ̀ ránṣẹ́. Iye tí wọ́n ń ta ánkárá yìí ní Lómé náà ni wọ́n ń tà á ní Kútọnu. Báwo ló ṣe wá di ìlọ́po méjì ní Mọ́níyà?"

"Ṣẹ́ńjì ló jẹ ẹ́, oníbàárà mi."

"Ṣé ṣẹ́ńjì kì í jẹun ní Lómé ni?"

"Ní Lómé àti Kútọnu, owó sẹ́fà kan náà ni wọ́n jọ ń ná. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣẹ́? Àwa la ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà."

"Ẹ ṣeun. Nígbà tí náírà ṣubú, aṣọ yín gòkè lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tó dìde díẹ̀, ẹ ní ọjà àtijọ́ ni. Ṣẹ́ńjì yín mọ òkè gùn, kò mọ̀ ọ́n sọ̀. Ẹ dín in, àbí kí àbúrò mi máa bá mi rà á."

Bí a ṣe kọjá Òjòó, ìyá náà ní, "Ó dáa, mo dín in."

Aránṣọ ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kí gbogbo wa, títí dé Lómé, máa ná owó kan náà!"

Gbogbo mọ́tò ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, sókè.

Ìyá náà wò wá yíká. "Tí ṣẹ́ńjì bá kú, kí ni kí èmi máa jẹ?"