Fóònù Pe Ìyá Ikhlas Lẹ́ẹ̀mejì

Tiwalọpẹ́, jókòó! Ìpàdé kín ni? Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì ti ń ṣèpàdé nínú pálọ̀ mi ní Simawa ńbí, ẹ̀ ń yan ibi tí ẹ ó máa kọ àléébù áàpù yín sí, áàpù tí ẹ ní kó máa fi Yorùbá pe àwa arúgbó sídìí oògùn wa, ẹ ò tíì yàn án tán, Ìyá Ikhlas sì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù láti àná, kò mọ ẹni tó wọlé, kò mọ ẹni tó jáde!

Ṣé mi ò sọ fún ọ? Háà! Ọjọ́ Ajé tí òjò ńlá yẹn rọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, bó ṣe padà dé báyìí ni fóònù mi tún ké, "Màmá, àsìkò oògùn yín ti tó." Oògùn wo? Èyí tí mo ti lò láàárọ̀! Èmi rántí. Mo pè ọ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, mo ní arúgbó tí kò bá rántí á gún abẹ́rẹ́ ṣúgà lẹ́ẹ̀mejì, ikú sì ni. Kí lẹ wí? "A ti gbọ́, Màmá." Olúdọ̀tun jù ú sórí Wàsáàpù, àwọn fọ́tò ìkómọ bò ó mọ́lẹ̀. Akínkúnmi ní òun á kọ ọ́ tí ẹ bá ti yan ibi tó dáa tán, kí òun má baà kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbọ́ o! Ó ń sá fún kíkọ lẹ́ẹ̀mejì, Ìyá Ikhlas ló wá gún abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì!

Kín lo wí? Pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo ibi tí ẹ̀ ń yẹ̀ wò yẹn, pé àwọn tó ṣe wọ́n ṣí inú wọn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè tún wọn ṣe bó ṣe wù ú? Mo gbọ́. Olúdọ̀tun fẹ́ èyí tó fẹ̀ bí ààfin, Akínkúnmi fẹ́ èyí tó fúyẹ́, ìwọ ń yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni ń yan léèsì.

Nílé ẹ̀rọ tí a ti ń rin ẹ̀gẹ́ ní Ògèrè, ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣolórí, n kò sì kàwé kọjá kíláàsì kejì. Ẹni tó bá rí àléébù á fi èédú fa ìlà sára ògiri, ti ẹ́ńjìnnì lókè, ti abẹ nísàlẹ̀. Ẹni tó tún un ṣe ò gbọdọ̀ nù ún o! Ẹni tó ráhùn ló máa wá rin ẹ̀gẹ́ tiẹ̀ wò, tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ nù ún. Ìka ẹnikẹ́ni ò gé níbẹ̀. Nínú àwọn ọ̀fẹ́ yín, ṣé ọ̀kan wà tí èmi lè sọ̀rọ̀ sí, tí ẹ ò ní lè pa ẹjọ́ mi rẹ́ láìbi mí léèrè?

Ó wà? Láti ọjọ́ kìíní? Ẹ̀yin ọmọ yìí!

Wo ojú ọ̀run lápá Ṣàgámù. Ó ti ṣú. Òjò yẹn á dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ. Tó bá padà ńkọ́? Arúgbó mọ́kànlélógójì ló ń lo áàpù yín, Tiwalọpẹ́!

Pa áàpù náà! Má sọ fún mi pé àwọn èèyàn á ráhùn, òkú kì í ráhùn. Ó máa gba wákàtí méjì? Kí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Ìwọ, mú orúkọ àwọn arúgbó náà wá, ká máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí òjò tó dé. Ìyá Fàdìlàt ní Ìpẹ̀rú ni kó o kọ́kọ́ pè, abẹ́rẹ́ lòun náà ń gún, ó sì ń dá gbé.

Kò gbé e? Tún un pè.

Kò gbé e?

Mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.