Mo Rí Ìwúkàrà Tó Ń Pa Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Ẹ má sọ pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Orí mi pé, mo sì fẹ́ tú àṣírí ara mi kí n tó kú. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ni mo ṣèkà fún.

Ilé ìwádìí kan náà la ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àbúrò mi ti ń sin ìwúkàrà, ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó ń mú búrẹ́dì wú. "Ìyá Ìwúkàrà" là ń pè é, torí ó máa ń kí ìwúkàrà rẹ̀ láàárọ̀ kó tó kí èèyàn. Ó rí ọ̀kan tó ń tu oró: bó bá gbìn ín sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú abọ́, gbogbo èyí tó yí i ká á kú. Àbùdá tó fún un lóró náà ló ń dáàbò bò ó. "Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní, "ìyá ló ń fi í sínú ọmọ, bíi agídí tèmi àti tiyín." A rẹ́rìn-ín títí.

Ilé iṣẹ́ kan lókè òkun fẹ́ gbà á, kó ṣáà ti fi ìwúkàrà náà han ọ̀gá wa, kí ọ̀gá lè kọ ìwé ẹ̀rí fún un. N ò fẹ́ kó lọ. Ìyá wa ti kú. Ta ni yóò máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ? Mo mọ̀ pé ooru a máa lé àbùdá oró náà jáde: ìwúkàrà á yè, á máa bímọ, ṣùgbọ́n kò ní lè pa nǹkan kan mọ́. Mo gbé tirẹ̀ sínú àpótí tó gbóná jù, mo sì dá a padà. Èyí tó fi pamọ́ sínú yìnyín ńkọ́? Èmi ọ̀dájú, mo dà á nù.

Níwájú ọ̀gá, kò sí ohun tó kú nínú abọ́. Ọ̀gá ní, "Ṣé o ò parọ́ báyìí?" Àbúrò mi yíjú sí mi: "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣebí ẹ̀yin náà rí i?"

Mo ní, "N ò rí nǹkan kan."

Kò bá mi jà. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀ nílé, ó lọ. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń dìde. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ ò bá fẹ́ kí ẹnì kan lọ, ẹ bẹ̀ ẹ́. Èmi ò bẹ̀ ẹ́ rí, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ bá mi tọrọ àforíjì. Bí kò bá sì fẹ́ gbọ́ orúkọ mi, ẹ ṣáà sọ fún un pé mo rí i, pé ojú mi méjèèjì ló rí i.