Pósí Tó Gbé Alààyè

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó jí wa sí òní. Ìkẹ́ Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa, àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó ń tọ ọ̀nà rere. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa tó wà lẹ́yìn aṣọ, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sórí alùpùpù níta bí ẹni tó fẹ́ sá lọ kí wáàsí tó parí, mo kí gbogbo yín ní kíkí àlàáfíà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí. Ọlọ́hun ṣe é ní ọ̀ranyàn pé bí músùlùmí bá kú, kí àwọn tó wà láyé wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n kírun sí i lára, kí wọ́n gbé e, kí wọ́n sì sin ín. Bí àwọn kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn gbogbo ìlú. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣe é, gbogbo ìlú ló jẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Èyí, a mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ti ká gbé òkú, kò sí ẹni tó lè kọ́ wa. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, aláìsàn ńkọ́? Ọrùn ta ni aláìsàn wà? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí.

Abà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Osè. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ni wọ́n ń gbìn. Ìjọba kọ́ ilé ìwòsàn síbẹ̀. Rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa: ìjọba kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n sì kọ "ilé ìwòsàn" sí i lára. Wọ́n wá ṣí i, wọ́n gé rìbọ́ǹnù, wọ́n ya fọ́tò, alága káńsù jó, wọ́n sì tì í padà. Nọ́ọ̀sì kankan ò dé ibẹ̀. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn jẹrà, ewúrẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ nínú rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ewúrẹ́ rí ibi bímọ sí, ìyàwó ènìyàn ò rí.

Bí ìrọbí bá le mọ́ obìnrin, àfi kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní ìlú tí káńsù wà. Òjò sì ti gbé afárá ọ̀nà náà lọ, mọ́tò ò lè dé abà. Alùpùpù nìkan ló ń kọjá. Ẹni tó bá lè jókòó lórí alùpùpù, ó lọ. Ẹni tí kò bá lè jókòó, wọ́n á máa ṣe àdúà fún un nínú yàrá títí ẹ̀mí á fi bọ́. Bó bá kú tán, kí ni wọ́n á wí? Wọ́n á ní kádàrá ni.

Ẹ gbọ́ mi yé o. Mo gba kádàrá gbọ́. Ẹni tí kò gba kádàrá gbọ́, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò tíì pé. Ṣùgbọ́n kí alága káńsù jó níwájú ilé ìwòsàn, kó wá kọ̀ láti fi nọ́ọ̀sì síbẹ̀, ẹ má fi ìyẹn kọ́ Ọlọ́hun lọ́rùn. Ìkà ènìyàn ni. Kí àwa náà sì jókòó ti aláboyún, ká máa fi tẹ̀sùbáà ka àdúà nígbà tí ẹsẹ̀ wa ṣì lè rìn, ọ̀lẹ nìyẹn.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí ni obìnrin kan ní abà yẹn, Ìyá Kílànì. Òun ló ń wẹ òkú àwọn obìnrin, nítorí Ọlọ́hun, kì í gba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí àwa ènìyàn ṣe rí. Ẹni tó ń bá wa wẹ òkú, a kì í fẹ́ jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń sá fún un. Bó bá kí aboyún, òkèèrè ni aboyún á ti dáhùn. Òun náà ò sì ní ẹnu rírọ̀. Á wò wọ́n títí, á ní, "Ẹ máa sá o. Ọ̀dọ̀ mi náà lẹ ń bọ̀."

Ẹ̀yin ará mi, obìnrin yìí ti wẹ àwọn tó kú lórí ìkúnlẹ̀ títí ó fi sú u. Ó wẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wẹ ẹni tó ń bá a dirun. Bó bá ti wẹ̀ wọ́n tán, á lọ dá jókòó sẹ́yìn ilé.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọ́n sáré wá pè é sí ilé Tíjání. Sùwébátù, ìyàwó Tíjání, ti ń rọbí láti àná, ọmọ ò wá, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń dà. Àwọn àgbà ilé ló ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní kó wá wà nítòsí, kí wọ́n má baà máa wá a kiri bó bá yá. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Obìnrin ń mí, wọ́n ti ránṣẹ́ pe ẹni tó máa wẹ òkú rẹ̀.

Ìyá Kílànì wọlé, ó kúnlẹ̀ ti Sùwébátù, ó mú un lọ́wọ́. Sùwébátù la ojú, ó rí ẹni tó mú un lọ́wọ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ṣé mo ti kú ni?"

Ìyá Kílànì ní, "O ò kú. Mo mọ ẹni tó bá kú."

Ó bọ́ síta, ó bi Tíjání pé kí ló dé tí wọn ò gbé e lọ sí ọsibítù. Tíjání ní ọlọ́kadà ti wá, wọ́n gbé e jókòó, ó ṣubú, wọ́n fi ọ̀já dè é mọ́ ọlọ́kadà lẹ́yìn, ó dákú. Kò sí ohun tí àwọn lè fi gbé e mọ́.

Ìyá Kílànì kọjá lára rẹ̀. Mọ́sálásí ló gbà lọ. Gbogbo wa la mọ pósí mọ́sálásí, èyí tí a kì í sin mọ́ òkú. A fi gbé òkú dé itẹ́ òkú, a gbé e padà, a fi ti ògiri, ó ń retí ẹni tó kàn. Ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ tó bá níbẹ̀ gbé e. Wọ́n béèrè ẹni tó kú. Ó ní kò sí. Wọ́n wo ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n ju ti pósí lọ, ni wọ́n bá gbé e.

Ìgbà tí wọ́n dé ilé Tíjání, ìyá rẹ̀ dínà ẹnu ọ̀nà. Ó ní wọn ò ní gbé ìyàwó ọmọ òun sórí nǹkan yẹn lójú òun, pé ẹni tó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kì í dìde. Lèmọ́mù abà náà ti dé. Ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní òun ò gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń fi gbé alààyè. Ẹ má dá wọn lẹ́bi o. Èwo nínú wa ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀?

Kí ni Ìyá Kílànì ṣe? Ó bọ́ bàtà. Ó gun orí pósí náà, ó na gbalaja, ó kó ọwọ́ lé àyà bó ṣe máa ń tò ó fún àwọn tó bá wẹ̀, ó sì fi gèlè bo ojú. Ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Lẹ́yìn náà ló dìde jókòó, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn aṣọ rẹ̀.

Ó ní, "Mo dùbúlẹ̀, mo sì dìde. Ìyá Tíjání, bí o bá ní ohun mìíràn tí a lè fi gbé e, gbé e wá. Bí o ò bá ní, kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò fẹ́ wẹ ọmọ yìí."

Ìyá Tíjání ò kúrò. Inú yàrá ni ohùn ti wá. Sùwébátù ní, "Ẹ gbé mi."

Ìyá Tíjání bá yà fún wọn. Wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sí pósí, wọ́n tẹ́ Sùwébátù lé e, wọ́n fi aṣọ bò ó nítorí oòrùn, ó di ọ̀nà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ò lè gbé ènìyàn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun. Bí a bá pàdé pósí lọ́nà, kí ni a máa ń ṣe? A máa ń fi èjìká wa sí i, nítorí láádá. Ọjọ́ ọjà ni, ọ̀nà kún. Ẹni tó ru ẹ̀gẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀, ó gba igun kan. Ọlọ́kadà tó ń kọjá dúró, ó gba igun kan. Àwọn tí kò bá ti wo aláìsàn lẹ́ẹ̀mejì ń sáré wá gbé òkú! Ẹnì kan ń bọ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn ń gbà á, pósí ń lọ bí ẹni pé ó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń da ewúrẹ́ lọ ọjà fa ewúrẹ́ rẹ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ó bọ́ sábẹ́ pósí. Kò pẹ́, ohùn kan sọ lókè orí rẹ̀ pé, "Ẹ rọra." Ojú ọkùnrin náà ṣú. Ó fẹ́ jù ú sílẹ̀.

Ìyá Kílànì ní, "N kì í wẹ ọkùnrin o, ṣùgbọ́n bó o bá jù ú sílẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ."

Ọkùnrin náà di ọwọ́ pósí mú gírí. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó béèrè bóyá láádá ṣì wà níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí kì í ti í ṣe òkú. Ìyá Kílànì ní, "Ó pọ̀ ju ti òkú lọ. Òkú ò ní ṣe àdúà fún ọ." Wọ́n ní ọkùnrin yìí ò bọ́ sílẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé ọsibítù.

Wọ́n dé ẹnu géètì, ọlọ́dẹ dá wọn dúró. Ó ní òkú kì í gba iwájú wọlé, kí wọ́n yí gba ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni yàrá òkú wà. Sùwébátù yọ ọwọ́ lábẹ́ aṣọ, ó jù ú sí i. Ọlọ́dẹ fúnra rẹ̀ ló sáré lọ pe dókítà. Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin kan, ò bi wọ́n ní ìbéèrè méjì kó tó mú un wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀jẹ̀ ò tó, àwọn tó gbé e wá na apá fún un. Ọmọ wá, obìnrin. Ìyá rẹ̀ náà yè.

Ìyá Kílànì ò dúró kí wọ́n yìn ín. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ló ṣáájú gbogbo abà lọ sí káńsù, pósí òfìfo léjìká wọn. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà alága. Akọ̀wé jáde, ó béèrè ẹni tó kú.

Ìyá Kílànì ní, "Kò tíì sí, ọmọ mi. A ní kí ẹ bá wa yan ẹni tó máa kú ni."

Wọ́n jókòó ti pósí náà. Wọ́n padà wá ní Jímọ̀ kejì, wọ́n tún jókòó. Alága tó mọ̀ ọ́n jó kò rí ibi gbà jáde. Nọ́ọ̀sì ti wà ní Ìdí-Osè báyìí, wọ́n ti kó ewúrẹ́ jáde. Oògùn ò tíì máa dé déédéé, afárá ò tíì sí. Wọ́n ṣì ń lọ jókòó ní káńsù.

Ẹ̀yin ará mi, ẹsẹ̀ tó ń sáré lọ sí itẹ́ òkú, òun náà ló yẹ kó sáré lọ sí ilé aláìsàn. Ọ̀ranyàn kan náà ni. Bí a bá dákẹ́ lórí ilé ìwòsàn tí kò ní nọ́ọ̀sì, gbogbo wa la jẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, àtèmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ọlọ́hun, fún wa ní ìgboyà obìnrin yẹn. Má jẹ́ kí a pe ọwọ́ ìkà ní kádàrá Rẹ. La ojú àwọn tó ń darí wa, bí wọn ò bá sì fẹ́ la ojú, fún wa lágbára láti jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn. Àwọn obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀ lónìí, bá wa sọ wọ́n kalẹ̀ láyọ̀. Àmín.

Ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí wa yìí, ìgbà wo lẹ ti rí nọ́ọ̀sì níbẹ̀ gbẹ̀yìn? Mo gbọ́ bí gbogbo yín ṣe dákẹ́. Ẹ wọ bàtà yín. A ń lọ sí káńsù.