"Rọra" Tó Há Lẹ́nu

Níbi tí a ti ń dúró de oníbodè lọ́nà Ẹrúnmu ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí ìyá arúgbó kan yíjú sí abiyamọ tó ń fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní ẹ̀kọ tó pò mọ́ omi nínú igbá.

"Ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ̀kọ mímu nìkan?"

"Ìyá, eegun ẹja ló há a lọ́fun nígbà ìkórè àgbàdo. Ó ti jáde, àmọ́ kì í gbé nǹkan líle mì mọ́. Ẹ wo bó ṣe gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún un pé kó rọra, kó má baà tún há a."

"Hẹn-ẹn! Eegun ti kúrò lọ́fun ọmọ, ẹnu tìrẹ ló kù sí."

"Ẹnu tèmi kẹ̀?"

"Ṣebí ìwọ lò ń pè é padà. Fún un níṣu sísun, kó rún un lẹ́nu, kó tu ú dànù."

"Kó tu oúnjẹ dànù? Ìyá ọkọ mi á ní mò ń kọ́ ọmọ níwàkuwà."

"Jẹ́ kó tu ú! Tó bá ti mọ̀ pé nǹkan ò lè wọ ọ̀fun òun láìgbàṣẹ, ẹ̀rù á kúrò. Bí mo ṣe ṣe fún tèmi nìyẹn. Eegun ẹran ló ń fọ́ jẹ báyìí."

Ìyá arúgbó bu iṣu sísun inú agbọ̀n rẹ̀ fún ọmọ náà. Ọmọ rún un, ó tu ú. Ó tún gba òmíràn, ó ń rún un, ó ń wojú ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ lanu pé, "Rọ..."

Ìyá arúgbó wò ó.

Bóyá ọmọ gbé iṣu náà mì, n kò mọ̀, wọ́n ti ṣí bodè. Ṣùgbọ́n ìṣojú mi ni ìyá rẹ̀ ti gbé "rọra" mì.