Yàrá Abẹ́ Ilé Ìwẹ̀ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo kí yín. Ìyálé ni mí, mo ti ní ọmọ-ọmọ. Mo ṣe ohun kan tí mi ò lè gbé dé sàréè. Lọ́jọ́ Iléyá tó ń bọ̀, ẹlòmíì fẹ́ ru ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé.

Orogún mi bí ọmọkùnrin kan tó kàwé kọ̀ǹpútà. Ọmọ tèmi ń ṣe panẹ́bítà ní Challenge. Lọ́jọ́ kan, níwájú àlejò, orogún mi ní, “Ìyálé mi, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa wá bá tèmi nu eruku ara kọ̀ǹpútà.” Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọmọ yẹn gba iṣẹ́ láti tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé. Ó kó kọ̀ǹpútà mẹ́ta wá sí ìsàlẹ̀ ilé wa ní Ring Road, ó fi wáyà so wọ́n pọ̀: méjì ní yàrá iwájú, ọ̀kan ní yàrá ẹ̀yìn. Ó ní ètò kan wà tó ń pa gbogbo àkọsílẹ̀ mọ́. Inú kọ̀ǹpútà tí òun bá fi í sí ni àwọn yòókù á ti máa bù ú mu. Òun sì lè fi í sínú méjì, kí ọ̀kan máa ṣọ́ èkejì. Baba wọn ti kú, èmi ni àgbà ilé, ló bá bi mí pé ibo ni kí òun fi í sí.

Mo ní baálé kì í pé méjì nínú ilé. Kó fi í sínú ẹyọ kan. Mo ní kó jẹ́ ti yàrá ẹ̀yìn, oòrùn kì í débẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́.

Abẹ́ ilé ìwẹ̀ mi ni yàrá yẹn wà. Àjà rẹ̀ ń jò. Nígbà tí ọmọ náà wà ní yunifásítì, omi ló lé télọ̀ tó gbé ibẹ̀ jáde. Èmi ni mo ní kí wọ́n kun àjà náà, kí àpá omi má baà hàn.

Mo dúró títí iṣẹ́ náà fi wọ̀ ọ́ lára. Ní Sátidé kan, orogún mi fọ aṣọ nínú ilé ìwẹ̀ mi lókè tán, ó lọ ń sá a. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo da omi garawa kan sílẹ̀, mo da òmíì lé e. Mi ò kánjú. Mo tún fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ mi.

Kọ̀ǹpútà náà kú, àkọsílẹ̀ bá a lọ. Méjì iwájú wà láàyè, òfìfo ni wọ́n. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ó gba rìbá láti pa orúkọ àwọn rẹ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún. Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Ó bi mí pé ta ló da omi.

Mo ní, “Ṣebí ìyá ẹ ló ń fọṣọ.”

Ìyá rẹ̀ búra títí, ọmọ náà kò gbọ́. Ó kó lọ sí Baṣọ̀run, kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ló ń pè ní Màmá. Èmi ló ń fa àgbò Iléyá wá fún, á gba iwájú yàrá ìyá rẹ̀ kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ fún yín: mo gbádùn rẹ̀.

Ní báyìí, orogún mi kò ríran dáadáa mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n bá òun bẹ ọmọ òun. Mo ní, “Ṣebí o ní ìwọ kọ́.”

Ó ní, “Èmi kọ́, ìyálé mi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìgbà tí mo bá gbà pé èmi ni ni ọmọ mi tó máa wojú mi, mo gbà.”

Ó ní bí ọmọ náà bá ti ń fa àgbò wọlé, òun á kúnlẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, níwájú gbogbo ará ilé.

Bí mo bá jẹ́wọ́, ọmọ náà á kọ̀ mí. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, màá jókòó lórí àga mi, màá máa wo ìyá tó ń kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí àgbò náà tó dé.