Ìwé Pélébé Tí Mo Rún Sápò ní Rédíò Àná

Ẹni tí wọ́n bá ní kó ka ìwé yìí lórí afẹ́fẹ́, kó má fo ìlà kankan. Kó má sì tún un ṣe. Ẹ̀yin ará Ìkìrun, ẹ̀yin ará Ìníṣà àti Òkukù, ẹ̀yin tí ẹ ń tan Rédíò Àná ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, èmi Olúwajùwọ́n tí ẹ ń pè ní Bàbá Àná ni mo pa Màmá Felicia. N ò fọwọ́ kàn án. Ẹnu ni mo fi pa á. Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń gbé ní Kàlábà lọ́dọ̀ ọmọ mi, tí ẹ rò pé ara tó ń dàgbà ló lé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ló lé mi, n ò sì lè gbé e wọ sàréè.

Lọ́dún 2013 ni Dókítà Ọlọ́rundáre, ọmọ Ìkìrun tó ti pẹ́ lókè òkun, dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Orin àtijọ́ nìkan la ó máa gbé sáfẹ́fẹ́, èyí tí àwọn àgbà fi jó nígbà tí orúnkún wọn ṣì ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Tísà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, àwo orin kún yàrá mi dé àjà, ni wọ́n bá ní kí n wá máa darí ètò. Ọmọ́wùnmí, tí mo kọ́ nílé ìwé girama, ni wọ́n fi ṣe igbákejì mi. Gbogbo ìlú ló ń retí orin kan, "Ọlọ́jà Ìníṣà," tí Ajíbádé ará Òkukù gbé jáde ní 1971, tó fi yin ọmọge kan tó ń ta abọ́ tánńganran, kó tó di pé ó fi í ṣaya. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù tí ò tíì họ, ọwọ́ mi ló wà.

Èmi àti Ọmọ́wùnmí lọ tọrọ àyè ní Òkukù. Bàbá Ajíbádé ti di àgbà ìjọ Aládùúrà, ọjọ́ tó wọ aṣọ funfun ló ti dáná sun àwo tirẹ̀. Ó ní, "Olúwajùwọ́n, ọ̀rọ̀ ìgbà èwe nìyẹn. N ò fẹ́ kí àwọn ọmọ ìjọ mi máa fi orin ìdí obìnrin kí mi. Bí mo bá kú, ẹ fi sí i títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń mí, ó tì o." Màmá Felicia, ìyàwó rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná: "Ẹ má dá wòlíì lóhùn jàre, tísà. Èmi ni mo wà nínú orin, ẹ̀mí kan ò sì bi mí. Ìdí tí wọ́n kọrin sí ti gbẹ bíi pánla! Ẹ jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó lọ. Ó lé lógójì ọdún tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó mirí. Ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀.

Ẹ wá wo ọkàn ọmọ èèyàn. Nínú gbogbo ohun tí Bàbá sọ, gbólóhùn kan ló bá mi délé: bí mo bá kú. Dókítà sì ti fọ́nnu káàkiri pé orin yẹn la ó fi ṣílé. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé ìṣílé, ọlọ́kadà kan sọ fún mi pé wọ́n ti gbé Bàbá Ajíbádé lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo, pé kò lè sọ̀rọ̀. Kò dùn mí. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará mi, kò dùn mí! Mo jókòó, mo mú bírò, mo kọ ìkéde ikú ẹni tó ń mí.

Láàárọ̀ Sátidé, Ọmọ́wùnmí rí i lórí tábìlì. "Sà, ta ló sọ fún yín pé Bàbá ti kú?"

"Òkukù ni ìròyìn ti wá."

"Ẹ jẹ́ kí n pe Màmá Felicia, sà. Nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ mi."

"Ọmọ́wùnmí, ṣé ìwọ ló wá fẹ́ máa maaki iṣẹ́ mi báyìí?"

Ó mú fóònù rẹ̀, ó jáde. Mo wọ yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, iná pupa tàn, mo kí ìlú, mo dárúkọ ilé iṣẹ́ wa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọmọ náà ti rọra ṣílẹ̀kùn, tó gbé ìwé pélébé kan síwájú mi. Ohun tó kọ síbẹ̀ rèé: "Sà, mo bá Màmá sọ̀rọ̀. Bàbá ti ń sọ̀rọ̀ látàná. Ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n ní àwọn fẹ́ mu, Màmá ń gbé e lọ." Mo kà á. Mo tún un kà. Mo wo àwo orin tó ti wà lórí ẹ̀rọ. Mo rún ìwé náà sápò, mo fi ohùn ọ̀fọ̀ sọ fáyé pé Ajíbádé ará Òkukù ti papòdà, mo sì gbé abẹ́rẹ́ lé orin.

Ọkọ̀ tí Màmá Felicia wọ̀ ti dé Ìníṣà nígbà yẹn, fúláàsì ẹ̀kọ wà lórí itan rẹ̀. Rédíò wa ni awakọ̀ tàn. Ta ni kò tàn án lọ́jọ́ náà? Obìnrin tó jókòó tì í ló ròyìn rẹ̀. Ó ní Màmá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín: "Kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀ yìí." Ìgbà tó yá, ó ní, "Àbí ẹ̀yìn tí mo kúrò nílé ni? Rédíò ò kúkú ní purọ́." Ohùn mi ló gbà gbọ́ ju ohun tí etí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ lọ. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, orin tó ti ń tọrọ láti ogójì ọdún, ó di fúláàsì mú, ó pe orúkọ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì doríkodò. Wọn ò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi dákẹ́. Wọ́n ní ẹ̀kọ náà ṣì gbóná.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni ìwà ìkà mi parí sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bọ́lánlé ọmọ wọn pe ilé iṣẹ́ láti Òṣogbo, ó ń pariwo: "Bàbá mi wà láàyè! Ìyá mi lẹ pa!" Dókítà kó wa jọ. "Ta ló mú ìròyìn yìí wá?" Mo na ìka sí Ọmọ́wùnmí. Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Sà, ìwé tí mo gbé síwájú yín ńkọ́?" Ìwé náà wà lápò mi, ó ń họ mí lítan. Mo wojú rẹ̀, mo ní, "Ìwé wo?" Kò sunkún. Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Kò lè kọjá lọ́jà Ìkìrun mọ́ kí wọ́n má pè é ní apààyàn. Kí oṣù tó parí, ó ti kúrò nílùú.

Bàbá Ajíbádé gbádùn, ó sin ìyàwó rẹ̀, ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá bá mi. Mo rò pé ó wá ṣépè ni. Ó di ọwọ́ mi mú! "Ìwé irọ́ ni wọ́n fún ọ kà, Olúwajùwọ́n, ìwọ kọ́. Felicia gbọ́ orin náà kó tó lọ. Èmi ni mo fi dù ú. Máa fi sí i fún un." Mo ń fi sí i. Gbogbo Sátidé, fún ọdún méjì àbọ̀. Orin yẹn ló sọ Rédíò Àná di ńlá, tí wọ́n ń pè wá láti Ìlọrin, láti Èkó, láti òkè òkun. Ẹ̀jẹ̀ ni ẹ ń jó sí, ẹ ò mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Bọ́lánlé pè mí. "Bàbá ti lọ, sà. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Kí wọ́n tó dákẹ́, wọ́n ní ẹ̀yin ni kí ẹ kéde rẹ̀. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹnikẹ́ni ò ní gbà pé àwọn kú lóòótọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo tún mú bírò.

Ọmọ́wùnmí, níbikíbi tí o bá wà, ìwé pélébé náà rèé nínú àpòòwé yìí, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ṣì wà lára rẹ̀ ketekete. Kí wọ́n gbé e han gbogbo ìlú. N ò lójú láti ní kí o dárí jì mí. Kí wọ́n ṣáà dá orúkọ rẹ padà fún ọ. Bọ́lánlé, ìwọ ni mo dọ̀bálẹ̀ fún, èmi àgbàlagbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jókòó sídìí ẹ̀rọ lónìí, àwọn tó ń gbọ́ yín gbà yín gbọ́ ju etí ara wọn lọ. Ẹ jẹ́ kó máa bà yín lẹ́rù.

Ìkéde náà rèé. Bàbá Ajíbádé ará Òkukù ti papòdà. Ẹ kọ́kọ́ pe Bọ́lánlé, kí ẹ bi í léèrè, kí ẹ tó kà á. Tí ẹ bá sì kà á tán, ẹ má fi orin kankan tẹ̀lé e.