Àpò Olókùn Pupa àti Àkàrà Ọjọ́ Dísìkò

Ẹni àádọ́ta ọdún ni mí nígbà tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ yìí. Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin báyìí. Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú mi, kò sì jẹ́ kí n gbádùn oorun. Ọkọ mi nìkan ló fura, ó sì ti di ẹni Ọlọ́run. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé mo pàdé ẹnìkan lóṣù tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Olùkọ́ ni mí nílùú Ṣakí kí n tó fẹ̀yìntì. Kíláàsì kejì ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. Mo máa ń ṣe nǹkan létòlétò, n kì í sì í na ọmọ. Tí nǹkan bá sọnù ní kíláàsì, tàbí tí ẹnìkan bá ya ìwé ẹlòmíràn, màá kàn ní, "Ẹni tó ṣe é, kó nawọ́ sókè. N kò ní bínú." Bó pẹ́ bó yá, ọwọ́ kékeré kan á gòkè. Ohun tí mo fi kọ́ wọn nìyẹn.

Ní ìparí sáà kan, ilé ìwé wa fẹ́ ṣe dísìkò fún àwọn ọmọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò ní òun á gbé sípíkà ńlá méjì wá. Àwọn ọmọ á jó lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ sílé. Èmi ni ọ̀gá àgbà ní kí n mójú tó oúnjẹ.

Àwọn ìyá ọmọ ní ká se ìrẹsì. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní ìrẹsì gba ìkòkò ńlá, ó gba igi ìdáná, ó gba àwo àti ṣíbí. Ta ni yóò fọ̀ wọ́n? Mo ní ká wá oúnjẹ tó rọrùn, tí ọmọ á fi ọwọ́ kan mú, tí yóò sì máa fi ọwọ́ kejì jó. Búrẹ́dì àti àkàrà. Wàrà dídín tí a fi igi gún. Sóbò nínú ọ̀rá.

Ìyá Ràṣídì, ọ̀kan nínú àwọn òbí náà, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ò kàn fẹ́ fọ abọ́ ni, ẹ sọ òótọ́!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ.

Ìyá Hàwáù ni mo ní kó dín wàrà. Fúlàní ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Ṣakí débi pé ohùn rẹ̀ ti dà bíi tiwa. Hàwáù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà ní kíláàsì mi. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìwé kà ni. Tó bá ka ọ̀rọ̀ kan já, á gbójú sókè wò mí bíi pé èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà ta á lọ́rẹ.

Àkàrà ni mo ní màá fi ọwọ́ ara mi dín. Nígbà tí mo fẹ́ rẹ ẹ̀wà, mo rí i pé ẹ̀wà tí à ń jẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú àpò. Ọjọ́ ọjà kò tíì pé. Mo lè ní kí wọ́n bá mi wá a lọ sí ilé àwọn aládùúgbò. Ó rẹ̀ mí. Àpò mìíràn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọkọ mi sì ti fi okùn pupa so ó lọ́rùn.

Nílé tiwa, àpò tí wọ́n bá so okùn pupa mọ́, ẹnikẹ́ni kì í fi ọwọ́ kàn án. Irúgbìn ni. Àlàájì, ọkọ mi, ti po oògùn mọ́ ọn kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ kí òjò tó dé. Ọdọọdún ló máa ń sọ fún mi pé, "Ìyá Kúburá, a kì í jẹ irúgbìn o. Ẹni tó jẹ irúgbìn ti jẹ ọdún tó ń bọ̀." Mo mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Mo mọ̀.

Mo sọ fún ara mi pé ara èèpo ni oògùn náà wà. Mo rẹ ẹ̀wà náà, mo bó o, mo fi omi ṣan án títí omi fi mọ́ gaara. Nígbà tí wọ́n lọ̀ ọ́ dé, òórùn kan wà nínú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, bí òórùn ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta oògùn oko. Mo fi àlùbọ́sà kún un. Mo fi ata kún un. Òórùn náà lọ, tàbí kí n sọ pé imú mi kọ̀ láti gbọ́ ọ mọ́.

Ní ọjọ́ dísìkò, Ọjọ́bọ̀ ni, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní kí n tọ́ àkàrà wò. Mo ní mo gbààwẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, torí òun ló ń jẹ́rìí sí mi pé kì í ṣe àṣìṣe lásán. N kò gbààwẹ̀. Mo ti mu ẹ̀kọ gbígbóná kí n tó kúrò nílé.

Àwọn ọmọ jó. Bàtà tí Hàwáù wọ̀ tóbi jù ú lọ, ó bọ́ ọ sọ́wọ́, ó ń jó nínú yẹ̀pẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n jẹun tán ni ọmọ kan bì. Òmíràn bì. Itọ́ ń dà lẹ́nu Ràṣídì, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé orin sáré gbé e, kò sì sí ẹni tó rántí pa ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ ń yí nílẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, orin ń lọ. Orin ayọ̀ ni. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ ọ láti inú ọkọ̀ tó ń kọjá, n óò dúró síbi tí mo wà títí á fi lọ.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi wá pé, "Kí ni wọ́n jẹ? Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ o, òun la máa fi mọ irú oògùn tí a máa fún wọn." Mo kà á fún un: búrẹ́dì, àkàrà, wàrà, sóbò. N kò dárúkọ irúgbìn. Ràṣídì kò lajú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọlọ́run ló yọ mí, gbogbo wọn ló padà sílé. Ká ní ọmọ yẹn kú, ẹnu mi tí mo pa dé ni ìbá pa á.

Bàbá kan ló kọ́kọ́ pariwo. Ó ní, "Wàrà ni! Wàrà àná ni obìnrin Fúlàní yẹn gbé wá fún àwọn ọmọ wa!" Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná inú ọyẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti da igbá wàrà rẹ̀ sí gọ́tà.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà pe gbogbo olùkọ́ jọ. Ó ní, "Ẹni tó bá mọ ohunkóhun nípa oúnjẹ yẹn, kó nawọ́ sókè." Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an ló fi bi mí. Ọwọ́ mi wà lórí itan mi, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. N kò gbé e.

Ìyá Hàwáù wá bá mi nílé. Kò jókòó. Ó ní, "Tíṣà mi, ẹ̀yin lẹ pè mí síṣẹ́. Ó ṣì ń gbóná nígbà tí ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn. Tí ẹ bá sọ ọ́, wọ́n á gbọ́."

Mo ní, "Ẹ ní sùúrù. Ó máa tán nílẹ̀."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́! Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó kúrò ní Ṣakí. Àga Hàwáù ṣófo ní kíláàsì mi, n kò sì jẹ́ kí ọmọ kankan jókòó síbẹ̀ títí ọdún náà fi parí.

Nígbà tí òjò dé, Àlàájì gbé àpò olókùn pupa. Ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ wò, ó wo okùn tí mo tún so, ó wo ojú mi. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ àkàrà nílé mi mọ́ títí ó fi kú.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Àgọ́-Àrẹ. Mo dúró ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ó na fóònù sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ bá mi wo nǹkan tí wọ́n kọ sí mi. N kò mọ̀wé." Mo kà á fún un. Ẹnìkan ní Ìgbòho ló fẹ́ ra wàrà fún ìsọmọlórúkọ. Bí mo ṣe ń kà á, ó tẹjú mọ́ ẹnu mi.

Ó ní, "Tíṣà? Tíṣà tèmi! Háà, ẹ ti darúgbó o! Hàwáù ni."

Mo bi í bóyá ó padà sí ilé ìwé. Ó rẹ́rìn-ín. "Ilé ìwé wo? Màálù ló parí ẹ̀kọ́ mi fún mi." Lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá máa ń dárúkọ yín. Ojú ń dùn wọ́n báyìí, wọn kì í jáde mọ́. Wọ́n ní nínú gbogbo ará Ṣakí, ẹ̀yin nìkan lẹ kò bú àwọn." Ó fi ènì sí wàrà mi, ènì tó pọ̀ ju ohun tí mo rà lọ.

Mo gbé e délé. N kò lè jẹ ẹ́, n kò sì lè dà á nù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bá ìyá yẹn ní Àgọ́-Àrẹ kí n kúnlẹ̀ fún un? Àbí kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní gbangba ní Ṣakí, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́? Mo bẹ̀rù kí àwọn ọmọ mi má gbọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ á ṣì wà nínú gọ́tà tí wọ́n da igbá rẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ̀ mí, tí mo sì ti kọ́ yín rí, ẹ dárí jì mí. Ọwọ́ mi rèé, mo ti nà án sókè, bó tilẹ̀ pẹ́. Ẹ kọ́ ọgbọ́n lára mi. Oúnjẹ tí ẹ̀yin fúnra yín kò lè tọ́ wò, ẹ má gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹni tó ṣe é nawọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nà án lọ́jọ́ náà, kí ọwọ́ tó wúwo.